Níbo Ni Ooru Náà Ń Lọ?

Ìbéèrè kan tí ìyá mi bi mí ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Òkè Baálẹ̀ ní ìlú Òṣogbo ni ilé wa wà, ní apá ibi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Ilé búlọ́ọ̀kù ni, páànù ni a fi bò ó, iyàrá ìyá sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oṣù kẹta ní ìlú wa mọ ohun tí mo ń wí: ọyẹ́ ti lọ, òjò kò tíì dúró, oòrùn á wá máa yan páànù bí ẹni ń yan ẹ̀pà. Ilé alámọ̀ tí bàbá bàbá mi kọ́, tí ògiri rẹ̀ nípọn dáadáa, kì í rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa ni a wó o, ta ni a ó fi ẹjọ́ sùn? Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú nínú iyàrá yìí. Dókítà sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ooru kì í ṣe ọ̀rẹ́ rere nínú ara àgbàlagbà. Àwa ọmọ bá dáwó jọ, a ra ẹ̀rọ amúlétutù, irú èyí tí ó ní àpótí méjì, ọ̀kan nínú iyàrá, ọ̀kan níta.

Nígbà tí oníṣẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀, tí atẹ́gùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, gbogbo wa ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó dúró níwájú àpótí tí ń kùn níta, ó na ọwọ́ sí i, ó sì ké pè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tí ó wà nínú ilé ń fẹ́ tútù, èyí tí ó wà níta yìí ń fẹ́ gbígbóná. Ìwọ tí o jẹ́ tíṣà, ta ni ó ń dáná sí i nínú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀, òtútù ni ó ń ṣe." Èmi ni mo ṣì í sọ. Ìbéèrè ìyá sún mọ́ òtítọ́ ju ìdáhùn mi lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe òtútù rárá. Alábàárù ni, ooru sì ni ẹrù rẹ̀. Ó ń ru ooru inú iyàrá jáde, ó ń lọ dà á sí ẹ̀yìn ilé. Ẹni tí kò bá mọ èyí, yóò ra ẹ̀rọ náà ní owó gọbọi, yóò sì tún máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù láìrí ìtura, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè ru ooru? Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àmù. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín àgbà, wọn yóò sọ fún yín pé omi inú àmù a máa tutù lọ́sàn-án gangan, láìsí iná, láìsí fíríìjì. Ìkòkò náà ń làágùn ni. Omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ara amọ̀ jáde, ó ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́. Omi kò sì lè gbẹ láìgba ooru lọ́wọ́ ohun kan. Ara ìkòkò àti omi inú rẹ̀ ni ó ti ń gba ooru náà. Ohun kan náà ni ẹ rí nígbà tí nọ́ọ̀sì fi òwú tútù ra apá yín kí ó tó gún yín ní abẹ́rẹ́: ẹ̀mí ọtí tí ó wà lára òwú náà ń yára gbẹ, ibẹ̀ sì tutù rinrin. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun olómi tí ó bá ń di afẹ́fẹ́ a máa gba ooru.

Ẹ tún wo pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá ti fa táyà rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù náà a máa gbóná. Kì í ṣe ìyara ọwọ́ nìkan ni ó fà á. Afẹ́fẹ́ tí a bá tẹ̀ pọ̀ sójú kan a máa gbóná.

Ó tán. Àmù àti pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀rọ amúlétutù, a kàn so wọ́n pọ̀ nínú páìpù bàbà kan tí ó lọ tí ó bọ̀ ni. Ohun tí ń rìn nínú páìpù náà ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní gáàsì. Ọ̀kan nínú àwọn tí a ń lò nísinsìnyí ni R32. Omi inú kẹ́tùlù kì í hó títí yóò fi dé 100 lórí òṣùwọ̀n ooru. Ṣùgbọ́n R32, bí a bá tú u sílẹ̀ sí gbangba, yóò hó ní nǹkan bí 52 nísàlẹ̀ òdo, níbi tí ó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì. Lójú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, iyàrá tí ó wà ní 33 dà bí ààrò tí iná ń jó nínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé àpótí inú ilé, yóò hó, yóò di afẹ́fẹ́, yóò sì gba ooru iyàrá bí àmù ti ń gbà á. Lẹ́yìn náà ni kọ́ńpẹ́sọ̀, tí í ṣe pọ́ǹpù tí ń kùn níta, yóò tẹ̀ ẹ́ pọ̀, yóò gbóná ju ọ̀sán gangan lọ. Fáànù yóò fẹ́ sí i, ooru yóò bọ́ lára rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ ìta, gáàsì yóò tún padà di olómi, yóò gba ojú ihò tóóró kan kọjá, yóò tutù, yóò sì padà wọlé lọ ru ẹrù mìíràn.

Omi kì í gun òkè fúnra rẹ̀. Ooru náà kì í ti ibi tútù lọ sí ibi gbígbóná fúnra rẹ̀. A ní láti fi pọ́ǹpù gbé e. Ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi sọ ẹ̀rọ yìí ní híìtì pọ́ǹpù, pàápàá nígbà tí wọ́n bá yí i padà kí ó lè máa ru ooru ìta wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Thomson, tí wọ́n fi jẹ Lord Kelvin nígbẹ̀yìn, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1852 pé a lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mú ilé móoru. Ní ọdún 1938 wọ́n fi ọ̀kan sí gbọ̀ngàn ìlú Zurich ní Switzerland, tí ń fa ooru láti inú odò Limmat. Nígbà tí wọ́n ṣí Royal Festival Hall ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1951, odò Thames ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ti ń fa ooru. Bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé òun fẹ́ lọ bu ooru nínú odò Ọ̀ṣun ní òwúrọ̀ ọyẹ́, a ó ní ó ti mu ẹmu jù. Síbẹ̀ ooru wà níbẹ̀. Ohun tí ó bá sáà gbóná ju gáàsì inú páìpù lọ, a lè gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹwà iṣẹ́ alábàárù yìí ni pé ẹrù tí ó ń rù ju oúnjẹ tí ó ń jẹ lọ. Kẹ́tùlù oníná tí ó bá jẹ yúnìtì iná kan kò lè mú ju ooru yúnìtì kan jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní wan họ́ọ̀sì, bí ó bá jẹ yúnìtì kan, lè ru ooru tí ó tó yúnìtì mẹ́ta. Bí a bá fi í síbi tí ó yẹ ni mo wí o.

Ibí yìí ni ẹjọ́ tèmi wà. Oníṣẹ́ tí ó ṣe ti ìyá, n kò ní dárúkọ rẹ̀, gbé àpótí ìta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín ògiri ilé àti ọgbà, níbi tí a ti fi páànù bò lókè kí olè má baà gbé e. Àwa náà ni a sọ fún un pé kí ó fi í pamọ́. Ṣé ẹ rí i, ooru tí ó rù jáde kò ríbi lọ. Ó ń yí ká nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ẹ̀rọ sì tún ń fà á símú. Ó dà bí ẹni tí ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ ojú omi, tí ó sì ń dà á padà sínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí a gbé e kúrò, tí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí igi máńgòrò ti ń ṣíji bò ó lọ́sàn-án, tí a fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ àti gbayawu níwájú rẹ̀, a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé ó yàtọ̀. Ti olè, àgádágodo àti irin tí atẹ́gùn lè gba àárín rẹ̀ kọjá ni a fi dáàbò bò ó.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iyàrá kò tutù mọ́. Oníṣẹ́ dé, ó ní gáàsì ti tán, ó rọ gáàsì, ó gbowó. Oṣù kejì, bákan náà. Ìyá ń san owó yìí nínú owó oúnjẹ rẹ̀, kò sì sọ fún wa, nítorí kò fẹ́ kí á sọ pé ẹ̀bùn tí a fún òun ti di ìnira. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó gbọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù kì í tán. Kì í ṣe epo bẹntiróòlù tí mọ́tò ń jó. Òun kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí ó bá dín, ó jò ni, ẹni tí ó bá sì ń rọ òmíràn sí i láìwá ibi tí ó ti ń jò ń bu omi sínú agbọ̀n. A pe oníṣẹ́ mìíràn. Ó fi ìfófó ọṣẹ ra ibi tí páìpù ti so pọ̀. Ní ojú kan, ìfófó náà ń hó wàì bí ọbẹ̀. Ẹnu páìpù bàbà náà, tí ó yẹ kí a là bí ẹnu fèrè kí ó lè jókòó dáadáa, ni wọ́n là wọ́gọwọ̀gọ.

Oníṣẹ́ yìí gé e, ó tún un là. Kí ó tó ṣí gáàsì, ó so pọ́ǹpù kan mọ́ páìpù, ó sì fi í fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde fún bí ààbọ̀ wákàtí, ó ń wo aago rẹ̀, ó tún pa pọ́ǹpù, ó ń wò ó bóyá ọwọ́ aago yóò padà. Ti ìṣáájú kò ṣe èyí; gáàsì díẹ̀ ni ó tú kí ó fi lé afẹ́fẹ́ jáde, kíá ni ó ti ṣe tán. Afẹ́fẹ́ lásán ní ọ̀rinrin nínú. Ọ̀rinrin yìí lè di yìnyín ní ojú ihò tóóró tí mo sọ, ó sì lè ba kọ́ńpẹ́sọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá dé ilé yín láìmú pọ́ǹpù afafẹ́fẹ́ wá, ẹ fún un ní omi tútù mu, kí ẹ sì ní kí ó lọ mú un wá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná sìgá nítòsí iṣẹ́ náà, nítorí R32 lè gbiná.

Ti wáyà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kí ẹ̀rọ ní wáyà tirẹ̀ tí ó nípọn, láti ibi bírékà tirẹ̀, kí wáyà ilẹ̀ sì wà. Ẹ má fà á láti ara wáyà gílóòbù.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á bọ́ sórí rìmóòtù, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ilé ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ ìyá bá dé láti ilé-ìwé, wọn á sáré wọ iyàrá ìyá, wọn á tẹ rìmóòtù sí 16. Bí mo bá béèrè ìdí rẹ̀, wọn á ní, "Kí ó lè tètè tutù ni." Láàárín òru, ìyá á fi aṣọ òfì méjì bora, á máa gbọ̀n.

Nọ́ńbà tí ẹ ń tẹ̀ kì í ṣe eré tí ẹ̀rọ yóò sá. Ibi tí yóò dúró ni. Nínú ẹ̀rọ náà ni ohun kékeré kan wà tí ń tọ́ ooru iyàrá wò; bí ó bá dé nọ́ńbà tí a dá, yóò ní kí kọ́ńpẹ́sọ̀ sinmi, tàbí kí ó rọra. Kí ó tó dé ibẹ̀, ìbáà jẹ́ 16 ni ẹ dá, ìbáà jẹ́ 24, ní ọ̀sán tí iyàrá gbóná, agbára rẹ̀ náà ni ó ń lò. Ẹni tí ó wọkọ̀ ní Òṣogbo, tí Ìwó ni ó ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀, tí ó wá sọ fún awakọ̀ pé Ìbàdàn ni òun ń lọ, kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ yára dé Ìwó. Ọkọ̀ yóò kàn gbé e kọjá ni, owó ọkọ̀ yóò sì lé sí i.

Kì í ṣe àwọn ọmọdé Òkè Baálẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe èyí. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba ibẹ̀ ti sọ ìrànlọ́wọ́ onílé ní ilẹ̀ England àti Wales tí ó bá fi híìtì pọ́ǹpù rọ́pò ẹ̀rọ agbómigbóná onígáàsì di 7,500 pọ́n-ùn. Ó gbà á, wọ́n sì ṣe é fún un. Nígbà òtútù ó pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yìí ti rẹ́ mi jẹ. Irin tí ó yẹ kí ó máa gbóná kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni." Mo bi í bí ó ti ń lò ó. Ó ní bí òun bá ń lọ síbi iṣẹ́, òun á pa á pátápátá. Bí òun bá dé lálẹ́, tí ilé ti di yìnyín, òun á tẹ̀ ẹ́ sí 28. Mo ní, "Ọmọ ìyá mi, ìwọ àti àwọn ọmọ tí ń tẹ 16 nílé, ọ̀kan náà ni yín."

Ẹ̀rọ onígáàsì àtijọ́ a máa gbé omi tí ó gbóná tó 60 tàbí 70 yí inú ilé ká, ó sì lè mú ilé gbóná kíákíá. Híìtì pọ́ǹpù fẹ́ràn omi tí ó wà láàárín 35 sí 45. Díẹ̀díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru. Bí òkè tí alábàárù fẹ́ gùn bá ti ga tó ni ọrùn rẹ̀ yóò ti wọ̀ tó. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Òṣogbo. Láti 33 níta sí 26 nínú ilé, òkè kékeré ni. Láti 33 sí 16, òkè Olúmọ ni. Àbúrò mi dá tirẹ̀ sí 19, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí oníṣẹ́ jẹ́ kí ohun kékeré tí ó wà lára ògiri ìta máa sọ fún ẹ̀rọ bí ìta ti tutù tó, kí omi máa gbóná ní ìwọ̀n rẹ̀. Kò pè mí nípa rẹ̀ mọ́, àfi ti owó.

Owó náà ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná fún àwọn tí ó wà ní ipele A sí 225 náírà lórí yúnìtì kọ̀ọ̀kan. Ó ti sọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á lo iye yẹn. Ká ní ẹ̀rọ kan ń jẹ ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá yúnìtì ní wákàtí kan, tí ó sì ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lóru láìsinmi nítorí pé kò lè dé 16 láéláé. Yúnìtì mẹ́jọ nìyẹn, 1,800 náírà lóru kan. Ní ọgbọ̀n òru, 54,000 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí ẹ bá wá dá a sí 26, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìdajì òru, tí ó ń sinmi ìdajì, 27,000 ni. Fáànù kékeré kan láti ran atẹ́gùn náà lọ́wọ́ kò jẹ tó nǹkan. Ẹ tún wo fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tí kì í pa dé dáadáa: ibẹ̀ ni ooru tí ẹ ti sanwó kí a rù jáde ti ń padà wọlé.

Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìlú Òṣogbo yìí kan náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà ń ṣọ́ nọ́ńbà kan tọ̀sán-tòru, 50 ni, iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó sì ń bọ̀ nínú wáyà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlò bá ju ìpèsè lọ, nọ́ńbà náà á rẹlẹ̀. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, iná orílẹ̀-èdè lè dákú, bí ó ti ṣe lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024. Wọ́n ní ẹni tí ń gbé etí odò kì í fi itọ́ bọ́jú, ṣùgbọ́n àwa ará Òṣogbo ti fi bọ́ ọ rí. Bí iná bá lọ tí ó sì dé lójijì, ẹ má tan ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, kí ohun tí a ti tẹ̀ pọ̀ nínú páìpù lè rọlẹ̀. Kọ́ńpẹ́sọ̀ tí a bá fi ipá mú dìde lórí ẹrù kì í pẹ́ jóná. Àwọn ẹ̀rọ tuntun a máa ka ìṣẹ́jú náà fúnra wọn. Ẹni tí ó rò pé wọ́n ti bàjẹ́, tí ó ń tẹ rìmóòtù lemọ́lemọ́, ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu ni.

Ìyá ti ṣú aṣọ pupa kékeré kan mọ́ ìdí rìmóòtù rẹ̀ báyìí. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ mọ ohun tí yóò gbọ́. 26 ni ó wà, àwọn ọmọ sì ń fọ àsẹ́ inú ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀. Mo tún ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀ bí ó ti yẹ: mo ní kò sí ẹni tí ń dáná, ooru iyàrá wọn àti iná tí ẹ̀rọ jẹ ni ó ń jáde níta. Ó ní òun ti mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá mo dé ilé nígbà tí òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́, mo bá okùn aṣọ kan níwájú àpótí ìta, lábẹ́ ìbòrí ilé, pẹ̀lú ìró àdìrẹ mẹ́ta tí ó sá sórí rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, aṣọ yìí ń dí ẹ̀rọ lójú, ooru kò ní ríbi gbà." Ó wò mí, ó fọwọ́ kan aṣọ náà, ó ti gbẹ. Ó wá sún okùn náà síwájú ní bí apá méjì. Mo wò ó, atẹ́gùn ń kọjá dáadáa. Ibẹ̀ ni okùn náà wà títí di òní.